911 mi ń jó wáyà alternator: irú fíúsì wo ló yẹ kó wà níbẹ̀?

Dẹ́rẹ́bà Pákó, Oǹdó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Mercedes 911 ni mò ń wà, pákó ni mo sì máa ń kó láti Oǹdó lọ sí Ṣágámù. Bátìrì méjì ló ń lò, 24V ni. Ọkọ̀ náà ti dàgbà, ọwọ́ mẹ́ta ló ti kọjá kó tó kàn mí, wáyà tí mi ò mọ orísun rẹ̀ sì pọ̀ nínú rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ó kù díẹ̀ kí n dé Ìjẹ̀bú-Òde ni iná iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tó ń ṣe bàìbàì. Kò pẹ́ tí òórùn rọ́bà tó ń jó fi gba inú ọkọ̀. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo pa ẹ́ńjìnnì, èéfín ò dáwọ́ dúró. Ìgbà tí ọmọ ọkọ̀ mi sáré fi sípánà tú orí bátìrì ló tó rọlẹ̀. A tan tọ́ọ̀ṣì sí i, a rí i pé wáyà nínípọn tó ti ara alternator (ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ní iná) lọ sí ara sítátọ̀ ti bó láwọ̀, kọ́pà inú rẹ̀ sì ti fara kan irin. Pákó ló wà lẹ́yìn mi o. Títí di báyìí ni mo ṣì ń rò ó.

Rewáyà tí mo gbé e lọ bá láàárọ̀ ọjọ́ kejì fi wáyà mìíràn rọ́pò rẹ̀. Mo bi í pé ṣé kò yẹ kí fíúsì wà lójú ọ̀nà yẹn, ó ní ọkọ̀ àtijọ́ ò mọ ìyẹn. Fíúsì pupa kan tún wà nínú àpótí fíúsì tó máa ń já lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ó fa okùn kọ́pà yọ lára wáyà, ó wé e mọ́ fíúsì náà, ó ní wàhálà ti tán. Ọkàn tèmi ò balẹ̀. Gílóòbù kékeré tó ní àmì bátìrì lórí dáṣíbọ́ọ̀dù náà kì í kú tán, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ máa rí i tó ń tàn fírífírí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, kí ni kí n ṣe? Irú fíúsì wo, ibo ni kó wà?

Rewáyà Agódi, Ìbàdàn

Dẹ́rẹ́bà, ẹ kú ewu. Ẹ bá mi kí ọmọ ọkọ̀ yín, ó ṣe bẹbẹ. Kí ẹ tó ka ohun tó kù, ẹ lọ bọ́ okùn kọ́pà yẹn kúrò lára fíúsì lónìí. Ẹ fi fíúsì gidi síbẹ̀. Bó bá já, ẹ jẹ́ kó já, kí ẹ máa fi ọ̀sán rìn títí a ó fi rí ìdí rẹ̀. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Wáyà ni fíúsì ń ṣọ́. Wáyà tó bá gbé iná ju agbára rẹ̀ lọ á gbóná, awọ rẹ̀ á yọ́, á sì ran ohun tó bá wà nítòsí. Fíúsì ni ibi tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ní tínrín jù lójú ọ̀nà náà, kó lè jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ já. Ẹni tó bá wé kọ́pà mọ́ ọn ti sọ wáyà ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù di fíúsì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ara alternator. Bó bá jẹ́ Bosch ló ṣì wà lára ọkọ̀ yín, ẹ nu ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, ẹ máa rí lẹ́tà níbẹ̀. B+ ni orí ńlá tí iná ń gbà jáde lọ sí bátìrì. D+ ni orí kékeré tó ń lọ sí gílóòbù pupa inú dáṣíbọ́ọ̀dù. Nínú ìwé àwọn ará Jámánì, 61 ni wọ́n ń pe wáyà yẹn. Àwọn míì ní W, ìyẹn wà fún mítà tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì. Wáyà aláwọ̀ búráùn ni ẹ́ẹ̀tì (èyí tí iná ń gbà padà sí bátìrì) nínú ọkọ̀ Jámánì, nọ́ńbà rẹ̀ ni 31. Èyí tó ní iná nígbà gbogbo ni 30, èyí tí kọ́kọ́rọ́ ń ṣí ni 15. Bí ẹ bá mọ nọ́ńbà márùn-ún yìí, 15, 30, 31, 50 tó ń gbé sítátọ̀ àti 61, kò sí rewáyà tó lè fi ọ̀rọ̀ dàrú mọ́ yín lójú.

Wáyà B+ máa ń ní iná nínú kódà bí kọ́kọ́rọ́ bá wà lápò yín, nítorí ara bátìrì ni òpin rẹ̀ kejì wà. Àwọn dáyódù tó wà nínú alternator ni kì í jẹ́ kí iná bátìrì gba ibẹ̀ wọlé, tí bátìrì kì í fi kú sílẹ̀ lóru. Ẹ wá wò ó: bí wáyà yẹn bá bó tó sì fara kan ṣásí (irin tó gbé ọkọ̀), alternator tí wọ́n kọ 35A sí lára kò lè fún un ní púpọ̀ ju 35A lọ. Bátìrì ńkọ́? Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ámpù ló máa tú sínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èéfín ò fi dáwọ́ dúró nígbà tí ẹ pa ẹ́ńjìnnì, àfi ìgbà tí ẹ tú orí bátìrì.

Nítorí náà, ìhà tí iná bátìrì ti ń wọ wáyà náà ni fíúsì gbọ́dọ̀ wà. Lára ọkọ̀ yín, bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀, wáyà B+ parí sí orí 30 lára sítátọ̀, níbi tí wáyà ńlá bátìrì dé. Ìhà sítátọ̀ yẹn ni kí ẹ fi í sí. Bí ẹ bá fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ alternator, gbogbo gígùn wáyà láti sítátọ̀ dé ibẹ̀ ṣì wà láìní ẹ̀ṣọ́.

Wáyà ńlá láti bátìrì sí sítátọ̀ ní tirẹ̀, a kì í fi fíúsì sí i, torí ohun tí sítátọ̀ ń fà nígbà tó bá ń yí ẹ́ńjìnnì pọ̀ jù. Awọ rẹ̀ ni kí ẹ dáàbò bò: ẹ fi rọ́bà wọ̀ ọ́, ẹ dè é kúrò lára ohunkóhun tó bá lè máa ha á.

Ẹ bá mi ka ohun tí wọ́n kọ sára alternator yín. Ẹ tún sọ fún mi bí wáyà tí wọ́n so tuntun yẹn ṣe nípọn tó.

Ọmọ Ṣakí

Ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Èmi náà ń lo ọkọ̀ 24V, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó jẹ mí lówó.

Rédíò àti ṣájà fóònù ò fẹ́ 24V. Wọ́n so tèmi mọ́ bátìrì kan ṣoṣo kó lè rí 12V. Ó ṣiṣẹ́, rédíò ń kọrin. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé alternator ń wo bátìrì méjèèjì bí ẹyọ kan. Èyí tí rédíò ń mu nínú rẹ̀ ń rẹ̀ sílẹ̀, èkejì tí ẹnikẹ́ni ò mu nínú rẹ̀ ń gba àgbàjù, ó ń hó, omi rẹ̀ ń gbẹ. Kí ọdún tó yí po, mo ti ra bátìrì méjì. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń sọ 24V di 12V, ẹ ra á, ẹ fi fíúsì tirẹ̀ sí i. Ẹ má fọwọ́ kan àárín bátìrì.

Mẹkáníìkì Ọ̀tà

Ẹ má bínú o, Bàbá Rewáyà, mi ò fara mọ́ fíúsì lójú alternator. Bí fíúsì yẹn bá já nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tí alternator sì ń gbé iná jáde, iná yẹn ò ní ríbi lọ. Fólítì rẹ̀ á fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, á sì pa régúlétọ̀ tó ń ṣàkóso fólítì náà, á pa dáyódù pẹ̀lú. Mo ti rí i. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe jáde láìsí fíúsì níbẹ̀, àwọn tó ṣe é nídìí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Rewáyà Agódi, Ìbàdàn

Mẹkáníìkì, òótọ́ lẹ sọ nípa fólítì tó ń fò sókè. Ìdí kan náà nìyẹn tí mo fi ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ jà nítorí àṣà tó gbòde yìí, pé kí wọ́n tú orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti mọ̀ bóyá alternator ń ṣiṣẹ́. Ìyẹn kì í ṣe ìdánwò, ó ń pa alternator ni. Mítà ni kí ẹ fi wò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi. Fíúsì tó bá tóbi tó ju iṣẹ́ alternator lọ kì í já lásán. Alternator 35A, a ó fi 50A sí i. Alternator ò lè já a fúnra rẹ̀ láéláé. Ohun kan ṣoṣo tó lè já a ni bátìrì tó ń tú iná sínú ṣásí, nígbà yẹn, alternator kọ́ ló yẹ ká máa ṣàánú. Owó alternator kan àti owó odidi 911 tó ru pákó, ẹ fi wọ́n wéra. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ yẹn gbẹ́kẹ̀ lé wáyà tuntun tí wọ́n dè mọ́ ààyè rẹ̀ ní ilé iṣẹ́. Wáyà yẹn ti lé ní ogójì ọdún, ó ti mu epo, ó ti jẹ oòrùn, ọ̀pọ̀ ìdè rẹ̀ ti já dànù.

Mẹkáníìkì Ọ̀tà

Bó bá jẹ́ pé ó tóbi ju alternator lọ, mo gbà. Èyí tí mo rí nígbà yẹn, fíúsì 30A ni wọ́n fi sí alternator 55A. Ó yẹ kó já.

Ìjẹ̀ṣà ní Houston

Ẹ kú ilé o. Àwọn pickup àtijọ́ ni mò ń tún ṣe níbí, Chevrolet àti irú wọn láti ọdún 1970 sí 1989. Ọ̀rọ̀ yín jọ tiwa.

Lára àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, ẹ lè wo ìhà sítátọ̀ kí ẹ má rí fíúsì kankan, kí ẹ rò pé kò sí. Ó wà. Èyí tí wọ́n ń pè ní fusible link ni. Wáyà kúkúrú ni, kì í sábà ju ìbú ọwọ́ méjì lọ, ó fi ìwọ̀n mẹ́rin tínrín ju wáyà tó ń ṣọ́ lọ: wáyà nọ́ńbà 10 máa ń ní link nọ́ńbà 14 (nínú ìwọ̀n Amẹ́ríkà, bí nọ́ńbà bá ń ga ni wáyà ń tínrín). Awọ ara rẹ̀ yàtọ̀, kì í gbiná. Bí wàhálà bá dé, kọ́pà inú rẹ̀ á yọ́, awọ á mú un mọ́nú.

Èyí ló ń fa àṣìṣe. Awọ rẹ̀ lè wà bó ṣe wà kó sì jẹ́ pé kọ́pà inú ti já. Ẹ fi ìka méjì dì í mú, ẹ fà á díẹ̀. Bó bá ń fà bí rọ́bà, ó ti lọ. Ẹ má fi wáyà lásán tínrín rọ́pò rẹ̀, awọ wáyà lásán á gbiná. Ẹ wá ojúlówó link, tàbí kí ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá kí ẹ fi fíúsì ńlá tó ní ìdérí sí ibẹ̀. Èmi ti fi fíúsì rọ́pò rẹ̀ lára púpọ̀ nínú wọn, ó rọrùn láti rí bó bá já.

Fún ẹni tó bá ní alternator Delco 10SI lọ́wọ́: BAT ni B+ tiwọn, orí 1 ń lọ sí gílóòbù, orí 2 ni ojú tí régúlétọ̀ fi ń wo fólítì bátìrì. Ẹni tó bá so 2 mọ́ BAT lára alternator gan-an ti fọ́ ojú yẹn, torí kò ní mọ ohun tó ń sọnù lójú ọ̀nà. Ẹ gbé e lọ sí ibi tí iná ti ń pín.

Ohun kan tún wà. Àwọn pickup kan ní mítà ámpù lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, gbogbo iná tí alternator ń gbé jáde sì ń gba inú mítà náà kọjá kó tó dé bátìrì. Ìyẹn túmọ̀ sí pé wáyà ńlá tí kò ní ẹ̀ṣọ́ ń wọ inú ọkọ̀, ó ń jókòó sí iwájú orúnkún yín. Bí nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn mítà yẹn bá dẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Mo máa ń yọ ọ́, mo ń fi mítà fólítì rọ́pò rẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà Pákó, Oǹdó

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti bọ́ kọ́pà yẹn kúrò. Mo yá mítà lọ́wọ́ àbúrò mi tó ń ṣe fóònù. Ara alternator, 28V 35A ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wáyà tí wọ́n so tuntun, mo gbé e lọ sí ìsọ̀ oníwáyà, wọ́n ní 4 mm² ni. Èyí tó jó nípọn jù ú lọ dáadáa.

Báwo ni kí n ṣe fi mítà wò ó?

Rewáyà Agódi, Ìbàdàn

4 mm²! Ìyẹn ni a kọ́kọ́ máa pààrọ̀. 10 mm² ni kí ẹ rà, kọ́pà ojúlówó, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ orí irin mọ́ ọn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Èyí tí wọ́n ń fi ẹnu pílásì tẹ̀ kì í pẹ́ kó tó dẹ̀.

Kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ lè rí ìyàtọ̀. Ẹ gbé mítà sí DC. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ka bátìrì méjèèjì pọ̀: èyí tó kún tó sì ti sinmi máa ń tó 25V. Ẹ wá gbé ẹ́ńjìnnì, kí ẹlòmíì fi ẹsẹ̀ lé e díẹ̀, kí ẹ tan gbogbo iná iwájú. Ẹ ka B+ sí ara alternator gan-an. Lẹ́yìn náà ẹ ka orí bátìrì. Bí méjèèjì kò bá sún mọ́ra, iná ń sọnù lójú ọ̀nà.

Láti mọ ọ̀nà wo: ẹ fi ẹnu mítà kan sí B+ alternator, ẹ fi èkejì sí pósítífù bátìrì tó lọ sí sítátọ̀. Iye tó bá jáde ni ohun tó ń sọnù ní ìhà pósítífù. Ẹ tún fi ẹnu kan sí ara irin alternator, èkejì sí nẹ́gétífù tó lọ sí ṣásí. Ìyẹn ni ti ẹ́ẹ̀tì. Ẹ yọ òrùka àti aago ọwọ́ o. Ẹ ṣọ́ra fún fánbẹ́ẹ̀tì.

Ẹ bá mi ka iye gílóòbù tó wà lẹ́yìn fíúsì pupa tó ń já yẹn pẹ̀lú.

Dẹ́rẹ́bà Pákó, Oǹdó

Mo ti kà á.

Bátìrì nígbà tó sinmi: 24.9V. Lára alternator, 28.3V. Lórí bátìrì, 27.1V. Ìhà pósítífù, 0.9V ló ń sọnù. Ìhà ẹ́ẹ̀tì, 0.3V. Mo tún ka wáyà 15 tó wọ ẹ̀yìn gílóòbù pupa kékeré yẹn, ó fi 1.3V kéré sí ti bátìrì.

Fíúsì pupa náà: iná iwájú méjèèjì wà lórí rẹ̀, 75 wáàtì ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí mo bá gbé e sókè. Ẹni tó ni ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ tún so iná mẹ́rin sórí ọkọ̀, 70 wáàtì ẹyọ kan, mo tọ wáyà wọn, ara ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n so ó mọ́.

Rewáyà Agódi, Ìbàdàn

Kò sí àṣírí kankan mọ́.

Iná iwájú méjì, 150 wáàtì. Mẹ́rin òkè, 280. Àpapọ̀ 430. Ẹ fi 24 pín in, ó jẹ́ 17.9A. Fíúsì pupa irú èyí tó kéré, tó ṣonṣo bí ọta ìbọn, 16A ni. (Yẹ́lò 5A, funfun 8A, pupa 16A, búlúù 25A. Ẹ má da àwọ̀ wọn pọ̀ mọ́ ti fíúsì ẹlẹ́sẹ̀ méjì ìgbàlódé, níbi tí pupa ti jẹ́ 10A, búlúù 15A, yẹ́lò 20A.) Fíúsì yẹn ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ fi búlúù síbẹ̀, ẹ má gbà, wáyà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò tó ohun tí 25A máa rán gba inú rẹ̀.

Ẹ tú iná mẹ́rin yẹn kúrò níbẹ̀. Ẹ ra rílè 24V (suwíìṣì tí iná kékeré fi ń ṣí iná ńlá). Orí 30 rílè ni kí ẹ fún ní iná láti orísun, kí fíúsì 15A wà lójú ọ̀nà náà nítòsí orísun, kí wáyà sì jẹ́ 2.5 mm². Orí 87 ló ń lọ sí iná mẹ́rin. 85 àti 86 ló ń gbé rílè, ìkan sí suwíìṣì, èkejì sí ẹ́ẹ̀tì. Mẹ́rin yẹn ò ju 11.7A lọ, 15A gbà á.

Gílóòbù pupa kékeré ńkọ́? Ó jókòó láàárín wáyà 15 àti D+. Nígbà tí alternator bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí fólítì ìhà méjèèjì dọ́gba, kí gílóòbù kú. Tiyín, D+ wà lókè pẹ̀lú alternator, wáyà 15 sì wà nísàlẹ̀: 0.9 tó sọnù lójú ọ̀nà B+ àti 1.3 tó sọnù kó tó dé gílóòbù, ó jẹ́ 2.2V. Ìyẹn ló ń tàn fírífírí lóru. Dáyódù tó bá ti kú náà máa ń fa irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ tún ojú ọ̀nà ṣe kí ẹ tó na owó lé alternator. Bó bá jẹ́ pé ó ń tàn nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà lápò, dáyódù ni mo máa fura sí.

Ẹ tú àpótí fíúsì, ẹ wo àwọn irin méjì tó ń di fíúsì mú. Àwọn fíúsì àtijọ́ wọ̀nyí, orí wọn ṣonṣo, ibi tó fara kan irin kò ju ẹnu abẹ́rẹ́ lọ. Bó bá ti dípẹtà, á máa gbóná láìjẹ́ pé ohunkóhun burú. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì irin ha á, ẹ tẹ irin náà wọnú kó lè di fíúsì mú ṣinṣin. Mo fẹ́ gbàgbọ́ pé ibẹ̀ ni 1.3V yín wà, tàbí ní ìdí kọ́kọ́rọ́.

Ẹ má sì fi LED rọ́pò gílóòbù kékeré yẹn. Inú rẹ̀ ni iná kékeré tó ń jí alternator gbà kọjá nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ́ńjìnnì. Gílóòbù 24V, wáàtì 3, ni kó wà níbẹ̀. Bó bá jó, alternator lè má jí àfi bí ẹ bá tẹ ẹ́ńjìnnì gan-an, ọ̀pọ̀ sì ti torí ẹ̀ lọ ra alternator tí wọn ò nílò.

Ìyá Onítírélà, Ṣágámù

Ẹ kú iṣẹ́, gbogbo yín. Èmi ò mọ iṣẹ́ rewáyà, ọkọ̀ ni mo ní, mo sì ń fi wọ́n fún àwọn dẹ́rẹ́bà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Mo ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ mi ń wé kọ́pà àti bébà fàdákà inú páálí sìgá mọ́ fíúsì. Mo ń bínú sí wọn, àṣé èmi ni mo fà á. Mo máa ń yọ owó fíúsì lára owó wọn. Fíúsì tó já láàárín òru, ẹni tí kò ní òmíràn lọ́wọ́, tó sì mọ̀ pé a máa yọ owó rẹ̀, kí ló máa ṣe? Mo wá yí i padà. Mo ra páálí fíúsì kan fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo ní ẹni tó bá lò ó kó mú èyí tó já wá fún mi, mi ò ní yọ kọ́bọ̀. Báyìí, bí fíúsì àyè kan náà bá já lẹ́ẹ̀mejì, mo máa ń rí i, mo sì ń pe rewáyà.

Ọ̀rọ̀ wẹ́dà tún wà. Nígbà tí wọ́n ń jó irin ẹ̀yìn ọkọ̀ mi kan, ẹnikẹ́ni ò tú bátìrì. Láti ọjọ́ náà ni alternator rẹ̀ ò ti ṣiṣẹ́ mọ́. Kí ẹ tó jẹ́ kí wẹ́dà fọwọ́ kan ọkọ̀ yín, ẹ tú bátìrì, ẹ tú wáyà alternator, kí wẹ́dà sì de ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tó ń jó gan-an.

Ẹ ṣọ́ra fún fíúsì olówó pọ́ọ́kú pẹ̀lú. Wọ́n ti fi irú rẹ̀ hàn mí rí, ike rẹ̀ yọ́, irin inú rẹ̀ ò já.

Dẹ́rẹ́bà Pákó, Oǹdó

Mo ní kí n wá jábọ̀. Rewáyà mìíràn ló bá mi ṣe é, mo ka ọ̀rọ̀ yín sí i létí, ó sì fara balẹ̀.

Wáyà B+ ti di 10 mm². Ó gba ọ̀nà òkè báyìí, kò sún mọ́ irin sítátọ̀ mọ́, a fi rọ́bà wọ̀ ọ́, a sì dè é ní ọgbọọgba. Fíúsì 50A wà nínú ilé rẹ̀ tó ní ìdérí, a kàn án mọ́ ṣásí ní ìwọ̀nba ọwọ́ kan sí sítátọ̀ kí ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnnì má baà tú u. A wo ara rẹ̀ kí a tó rà á, 32V ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wáyà ẹ́ẹ̀tì láti ẹ́ńjìnnì sí ṣásí, a ha ìpẹtà ìdí rẹ̀ títí irin fi dán.

Àpótí fíúsì gan-an ni ibi tí 1.3V wà, Bàbá Rewáyà. Ọ̀kan nínú irin tó di fíúsì mú ti dúdú bí èédú, ike abẹ́ rẹ̀ ti ń yọ́ díẹ̀díẹ̀. Iná mẹ́rin òkè ti ní rílè tirẹ̀.

Mo kà á lẹ́ẹ̀kan sí i: lára alternator 28.2V, lórí bátìrì 27.9V. Gílóòbù kékeré kú fin-ín, kódà ní òkùnkùn. Ó di ọjọ́ mọ́kànlá tí fíúsì pupa wà níbẹ̀, kò já. Alẹ́ àná ni mo kọjá ibi tí èéfín ti yọ lọ́jọ́ sí, iná mi mọ́lẹ̀ kedere.

Ọmọ ọkọ̀ mi ní kí n bi yín, ṣé ó yẹ kí a tún fọwọ́ kan ohunkóhun lẹ́yìn èyí?

Rewáyà Agódi, Ìbàdàn

Ó béèrè ire. Kọ́pà tuntun máa ń jókòó sílẹ̀ lábẹ́ nọ́ọ̀tì lẹ́yìn ìgbóná bíi mélòó kan. Bó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tú nẹ́gétífù bátìrì kọ́kọ́, ẹ fi sípánà kan nọ́ọ̀tì B+, nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fíúsì 50A, àti ti orí 30. Bí ẹ bá parí, nẹ́gétífù ni kó gbẹ̀yìn nígbà tí ẹ bá ń dá wọn padà. Kí fíúsì 50A kan wà nínú àpótí irinṣẹ́ yín pẹ̀lú pupa mẹ́rin. Bí 50A bá já láéláé, ẹ má fi òmíràn síbẹ̀ títí ẹ ó fi tọ gbogbo gígùn wáyà yẹn pẹ̀lú ọwọ́.